Ta Ni Ọlọ́run Pè Nínú Yín?

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sunkún.

Mo ní kí n tètè sọ ọ́ báyìí, nítorí èmi ni gbogbo ènìyàn ti ń retí pé yóò sunkún. Kí a tó lọ gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ míṣọ́nnárì ní England, wọ́n gbàdúrà fún mi níjọ pé kí Olúwa fún mi lókun láti lè tẹ̀ lé ọkọ mi dé ibi tó pè é sí. Àwọn ìyá ìjọ gbọ́wọ́ lé mi lórí. Ọ̀kan nínú wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Ọmọ mi, ibi tí ọkọ bá ń lọ náà ni aya ń lọ. Má jẹ́ kó sú ọ." Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé mà. Kí ni n bá tún sọ? Pé ìpè tí wọ́n ń gbàdúrà lé lórí yẹn, èmi gan-an ló dé bá, àti pé ọkọ mi ló ń tẹ̀ lé mi?

Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ lórí ìkúnlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ẹkún yẹn wáyé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti kíláàsì èdè ni. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí wọ́n fún wa, ó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, èkejì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, omi sì ń dà pòròpòrò lójú rẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé òun ló máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín. "Omi lásán ni mo fẹ́ béèrè," ló ń wí. "Omi! Mi ò lè béèrè omi."

Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì mọ ohun tí mo lè sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bá a bọ́ bàtà kejì.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí tí mo ti mọ̀ pé mi ò ní lo gbogbo ayé mi nílé. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Nígbà tí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi wá, ìgbà kejì tí a jọ jókòó ni mo ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé bó bá fẹ́ mi, ó ti fẹ́ iṣẹ́ míṣọ́nnárì mọ́ mi nìyẹn, ní ilẹ̀ tí wọn kò ti gbọ́ èdè wa. Ó ní kò burú. Ọkùnrin tó ń wá ìyàwó, kí ló wà níbẹ̀ tí kò ní gbà? Bí mo bá ní inú òṣùpá la óò máa gbé, ọjọ́ tí a óò kó lọ ni ì bá béèrè.

Oníṣẹ́ iná ni òun. Ọdún kẹta ìgbéyàwó wa ni àwọn tó fẹ́ rán wa lọ sọ fún wa pé àwọn kì í rán ẹnikẹ́ni tí kò bá kọ́kọ́ lọ gba ẹ̀kọ́. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ England, níbi tí àwọn tọkọtaya láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ń múra iṣẹ́ sílẹ̀. Físà àlejò tí wọ́n fi ń wọ Britain gba ènìyàn láàyè láti kẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ju oṣù mẹ́fà lọ, nítorí náà ti físà kò fi bẹ́ẹ̀ ni wá lára. Owó ló ni wá lára. Ẹ jẹ́ ká fi ti owó sílẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni tọkọtaya ń kọ tiwọn, wọ́n sì kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ wo ti ara wa. Ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tó ní kí o ṣàlàyé bí Ọlọ́run ṣe pè ọ́. Èmi kọ títí àyè fi tán, mo tún lẹ ìwé mìíràn mọ́ ọn. Ọkọ mi kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ọlọ́run pè wá." Kò sọ fún mi. Ọ̀sẹ̀ kejì tí a débẹ̀ ni mo tó gbọ́, nígbà tí olùkọ́ tó ń mójú tó àwọn tọkọtaya pè wá sínú yàrá kan tí kò gbà ju àga mẹ́ta lọ. Ó gbé fọ́ọ̀mù méjèèjì síwájú ara rẹ̀, ó wo ọkọ mi.

"'Wa' tí o kọ síbí yìí, ta ni?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ni Ọlọ́run pè nínú yín?"

Ọkọ mi ní, "Àwa méjèèjì, sà."

Ó ní ó dáa, ó pa fọ́ọ̀mù dé, ó ní a óò tún jọ sọ̀rọ̀. Èmi rò pé ó ti tán.

Ilé àtijọ́ ńlá kan la ń gbé. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, òtútù sì ń ti ara ògiri rẹ̀ jáde bí ẹni pé inú ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwa bí ogójì la wà níbẹ̀. Ìwé kan wà lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó ń sọ ẹni tí yóò fọ abọ́, ẹni tí yóò gbálẹ̀, ẹni tí yóò fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, orúkọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà sì wà nínú rẹ̀ bíi ti gbogbo wa. Ọjọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ rí ọ̀gá, ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè tó ń ha ìdí ìkòkò, ńṣe ló sáré lọ gbà á. Ọ̀gá kò fún un. Wọ́n ń fa ìkòkò mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ìyẹn ń sọ pé ọjọ́ tòun ni, èyí ń sọ pé rárá, sà, omi ọṣẹ sì ń ro sílẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo di ikùn mú.

Wọ́n tún ní orúkọ ni kí a máa pe gbogbo ènìyàn, àti ọ̀gá àti olùkọ́. Èyí kò ṣeé ṣe fún ọkọ mi títí a fi kúrò níbẹ̀. Èmi máa ń dọ́gbọ́n sí i: mo máa rìn lọ síwájú ẹni náà, mo máa dúró títí yóò fi wo ojú mi, n óò wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí n má bàa nílò orúkọ kankan.

Olùkọ́ kan ya ìlà wíwọ́ kan sára bọ́ọ̀dù. Ó ní onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Kalervo Oberg ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà ní 1960: ẹni tó bá dé ilẹ̀ àjèjì yóò kọ́kọ́ máa yọ̀ bíi tọkọtaya tuntun, lẹ́yìn náà ohun gbogbo á bẹ̀rẹ̀ sí í bí i nínú, nígbà tó bá yá ara rẹ̀ á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ibẹ̀ yóò fi bá a lára mu. Ó ní kí kálukú fi àmì sí ibi tó rò pé òun wà lórí ìlà náà. Ọkọ mi fi tirẹ̀ síbi ayọ̀. Ó wá bá mi fi tèmi síbi ìbínú, láì bi mí.

Kò purọ́ nípa tirẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, ọba ni. Ẹ̀kọ́ nípa ìró èdè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ibi tí ahọ́n ń wà, ọ̀nà tí èémí ń gbà jáde, bí ètè ṣe ń pàdé. Ìyá tó ń kọ́ wa sọ pé "gb" wa yìí, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló jọ ń ṣe é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé "p" tí a ń kọ kì í ṣe irú ti Gẹ̀ẹ́sì rárá, "kp" ni a ń pè. Láti kékeré tí mo ti ń sọ Yorùbá, mi ò ronú kàn án rí. Ó ní kí ọkọ mi dìde kó pe "gbogbo". Ó pè é. Àwọn ará Jámánì, ará Brazil, ará Kòríà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, ẹnu gbogbo wọn ń dún bí ìgbà tí omi ń jáde lẹ́nu ìgò. Ọkọ mi ń rìn láàárín wọn, ó ń tún ètè wọn ṣe.

Ohùn ló tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí n kọ ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ sára bọ́ọ̀dù kí n sì pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà ni arákùnrin ará Jámánì kan, tó ga bí ọ̀pẹ, ti ń dá mi dúró láràárọ̀: "Ẹ káàárọ̀. Ọkọ̀ yín ńkọ́?" Mo ní ọkọ̀ wà o, táyà rẹ̀ ló jò.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni wọ́n mú ìyá kan wọlé, ará Ethiopia, ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n ní Amharic, èdè ilẹ̀ rẹ̀, nìkan ni yóò máa bá wa sọ. Kò ní tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, kò ní kọ ọ́ sílẹ̀, àwa náà kò sì gbọdọ̀ kọ. Ó kó òkúta, igi, ife, omi àti búrẹ́dì sórí tábìlì. Bí o bá fẹ́ mọ orúkọ ohun kan, o nawọ́ sí i, o ní, "Mindin new?" Kí nìyí? Omi ni wuha, búrẹ́dì ni dabo. Wákàtí méjì lójúmọ́, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdeè.

Ó dùn mọ́ mi bí eré ọmọdé. Mo máa ṣì í sọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, mo tún máa sọ ọ́. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ẹnu ló fi ń jẹun: ẹnu ló fi ń wá oníbàárà, ẹnu ló fi ń parí ìjà, ẹnu náà ló fi fẹ́ mi. Wọ́n wá gba ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè ti fò lọ kí ilẹ̀ Túsìdeè tó mọ́. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ìyá náà bu omi sínú ife, ó gbé e dání, ó ń dúró kí ọkọ mi béèrè rẹ̀. Gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò wá. Ọmọbìnrin ará Kòríà kan tó jókòó lẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, yọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ sí i létí láti fi ràn án lọ́wọ́. Ìyẹn ló wá dá a lóró jù.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ti bàtà.

Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n fi bọ́ọ̀sì kékeré gbé wa lọ sí Moulton, abúlé kan tí kò jìnnà sí Northampton. Ibẹ̀ ni William Carey, ọmọ England tó di míṣọ́nnárì ní Íńdíà, ti ṣe olùkọ́, tó ti ń rán bàtà, tó sì tún ti ń ṣe pásítọ̀. Kò sí ẹni tó jókòó ní kíláàsì míṣọ̀n tí kò mọ orúkọ rẹ̀: aránbàtà tó lẹ ìwé mọ́ ìwé, tó ya àwòrán ayé sí i, tó gbé e kọ́ sára ògiri, tó ń wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1792 ó tẹ ìwé jáde láti fi sọ fún ìjọ pé àṣẹ "ẹ lọ" tí Jésù pa kò tíì parí. Ní October 2 ọdún yẹn kan náà, àwọn pásítọ̀ mélòó kan kóra jọ ní Kettering nínú ilé opó kan, wọ́n dá ẹgbẹ́ míṣọ̀n sílẹ̀, owó tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 13, ṣílè 2 àti sísì kan. Mo fẹ́ràn sísì yẹn. Ó dà bíi pé ẹnìkan tú àpò rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀.

Ilé Carey ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bàbá àgbà kan ló mú wa yí ká, ó mọ ìtàn yẹn lórí, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Nígbà tó kan ìyàwó Carey, ó ní kò kọ́kọ́ fẹ́ lọ sí Íńdíà, ṣùgbọ́n Ọlọ́run yí i lọ́kàn padà. Ó ti ń bọ́ sí orí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọkọ mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ló ṣe yí i?"

Ọkọ mi tí kò ti béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá náà wo olùkọ́ wa. Olùkọ́ ní òun á sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì.

Dorothy lorúkọ rẹ̀. Ó fi nǹkan bí ọdún márùn-ún ju ọkọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó ní 1781, kò mọ̀wé kọ, àmì àgbélébùú ló fi sínú ìwé ìgbéyàwó. Ó ti sin ọmọbìnrin méjì. Ní 1793 tí ọkọ rẹ̀ ní Íńdíà yá, oyún wà nínú rẹ̀, ó sì ní òun kò lọ. Carey mú Felix, àgbà nínú àwọn ọmọkùnrin wọn, ó lọ. Àwọn ọlọ́kọ̀ òkun sọ wọ́n kalẹ̀ nítorí wọn kò ní ìwé àṣẹ, wọ́n ní láti wá ọkọ̀ mìíràn. Kí wọ́n tó rí i, Dorothy ti bímọ. Carey padà lọ bẹ̀ ẹ́ ní Piddington. Ó tún kọ̀. Wọ́n ti jáde, wọ́n ti ń lọ lọ́nà, ni John Thomas, dókítà tó fẹ́ bá Carey lọ, bá ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ obìnrin náà. Ó sọ fún un pé bí kò bá lọ, ìdílé rẹ̀ á tú ká títí láé, yóò sì kábàámọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ̀rù ba Dorothy. Ó ní òun á lọ, bí àbúrò òun obìnrin bá máa bá òun lọ. Wọ́n gbéra ní June 13, ọmọ jòjòló náà kò tíì pé oṣù méjì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Peter, ọmọ wọn ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, kú sí ilẹ̀ Íńdíà. Láti 1795 orí Dorothy kò pé mọ́. Nǹkan bí ọdún méjìlá ló fi wà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń tì í mọ́ yàrá, tí ọkọ rẹ̀ sì ń túmọ̀ Bíbélì ní yàrá kejì. Ó kú ní December 1807.

Bọ́ọ̀sì náà dákẹ́. Arákùnrin tó ga bí ọ̀pẹ yẹn ń wo ìta.

Lálẹ́, ọkọ mi ní, "Èmi ni Dorothy."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kà á: mo rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin onírùngbọ̀n dúró níwájú mi, ó ní òun ni Dorothy. Àfi ìgbà tí mo wo ojú rẹ̀ ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ó ní òun kò gbọ́ ohùn kankan láti ọ̀run rí. Ó ní èmi lòun fẹ́, mo sì wá pẹ̀lú ẹrù, òun sì gbé e. Ó ní bí òun bá ní òun kò lọ, ta ni òun? Òun á di ọkọ tó dènà Ọlọ́run. Ta ló fẹ́ jẹ́ orúkọ yẹn?

Mo fẹ́ dáhùn, ni ọ̀rọ̀ kan bá padà wá sí mi lọ́kàn. Ọdún tó ṣáájú, nígbà tó kọ́kọ́ ń fà sẹ́yìn díẹ̀, tó ní bóyá kí a dúró ọdún méjì sí i, mo ti sọ fún un pé, "Bí a ò bá lọ, ẹ máa kábàámọ̀ rẹ̀ títí ayé." Ọ̀rọ̀ tí dókítà yẹn sọ fún obìnrin náà ni, bí ẹni pé inú ìwé ni mo ti kọ ọ́. Mo ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì, mo ti bínú sí John Thomas dé ilé.

Mi ò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá olùkọ́, mo ní a fẹ́ padà sílé.

Ó ní, "Ìwọ lo fẹ́ padà ni, àbí ẹ̀yin?"

Ẹ gbà mí.

Kò lé wa, kò sì bẹ̀ wá. Ohun tó ní kí a ṣe ni pé fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, a kò gbọdọ̀ dárúkọ ìpè láàárín ara wa, ì báà jẹ́ nínú eré tàbí nínú ìjà. A kò gbọdọ̀ fi gbàdúrà pọ̀ pẹ̀lú. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ká mi mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní tí a kúnlẹ̀, mo la ẹnu, kò sí ọ̀rọ̀. Ó wá hàn sí mi pé láti ọdún mẹ́ta, púpọ̀ nínú àdúrà mi, ọkọ mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀. "Olúwa, là á lójú." "Olúwa, fún un nígboyà." Òun sì kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń ṣe àmín.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn mo máa ń sá lọ sínú yàrá ìkàwé wọn. Ibẹ̀ ni mo ti wá ìtàn Àjàyí Crowther kà dáadáa, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ohun tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ fiyè sí tẹ́lẹ̀ ni pé òun náà ti lọ gba ẹ̀kọ́ irú èyí rí: láti 1842 sí 1843 ló fi wà ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ̀n CMS ní Islington, ní London, kí wọ́n tó fi í joyè àlùfáà. Òun nìkan ló lọ. Asano ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n sọ ní Susan, tó fẹ́ ní 1829, wà ní Sierra Leone pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mo wá ohun tí Asano sọ nípa rẹ̀. Mi ò rí i. Ní orí selífù yẹn, ìwé tí wọ́n kọ nípa Crowther àti Carey kún ibẹ̀, àmọ́ gbólóhùn méjì mẹ́ta ni ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní, èyí tó lọ àti èyí tó dúró.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, wọ́n wá pe ọkọ mi pé hítà yàrá ìyá ará Ethiopia kò ṣiṣẹ́, òtútù sì ti fẹ́ pa á. Inú púlọ́ọ̀gì ni fíúsì máa ń wà nílẹ̀ England, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mo tẹ̀ lé e, mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Bó ṣe ń tú púlọ́ọ̀gì, ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ nǹkan fún un bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. Ó nawọ́ sí gílóòbù òkè: mebrat. Iná. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí hítà tó tutù, ó mi orí: "Mebrat yelem."

Ọkọ mi dáwọ́ dúró. "Mebrat yelem?"

"Mebrat yelem."

Iná ò sí! Ẹ̀yin ará, ó ti inú Amharic rí gbólóhùn tó mọ̀ láti inú oyún. Ó rẹ́rìn-ín títí tí sikúrúdíráfà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wí i lọ, ó ń wí i bọ̀, ìyá náà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láì mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nígbà tó fi fíúsì tuntun sí i tí hítà dún, ìyá ní, "Mebrat ale," iná ti wà, ọkọ mi sì na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Bó ṣe ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, ó sọ ohun kan fún ìyá náà tí mi ò gbọ́ dáadáa. Ìyá náà gbọ́wọ́ lé àyà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá wa sọ Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn nìyẹn. Ó ní láti ọjọ́ kìíní lòun ti kọ́ gbogbo wa pé nínú èdè àwọn, anta ni ti ọkùnrin, anchi ni ti obìnrin, irswo ni ti ẹni tí a bá ń bọ̀wọ̀ fún. Ó ní gbogbo kíláàsì, àtèmi (ojú tì mí), anchi ni a ń pe òun. Ọkọ mi tí kò lè rántí omi nìkan ló ń pe òun ní irswo láti ọjọ́ yẹn wá. Ọkọ mi ní òun kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan kan. Ó ní ẹnu òun kò gbà á láti ṣe òmíràn.

Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé yẹn ló ń tún ṣe, ìyá náà a sì dúró tì í. Ọ̀rọ̀ tí kò wọlé nídìí tábìlì ń gba ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Kò yára bíi tèmi, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn, àmọ́ èyí tó bá ti mú kì í bọ́ mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ hítà yẹn náà ló mú ọ̀rọ̀ kan wá tó ti wà nínú rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yin tó mọ̀ wá mọ̀ pé lójú àwọn ènìyàn, "ẹ" ni mo ń pe ọkọ mi. Nínú yàrá, "o" ni. Ọ̀rọ̀ irswo ló fà á. Ó ní, "Ìgbà tí o sọ fún mi pé n óò kábàámọ̀ yẹn, inú yàrá la wà. Àwa méjì péré. 'Ẹ' lo pè mí." Mi ò rántí. Òun rántí. Ó ní bí mo bá ti ní "o máa kábàámọ̀" ni, òun ì bá bá mi jà, a ó jà á tán, a ó sùn. "Ẹ" yẹn ló mú kó dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń gba ẹnu mi sọ̀rọ̀, ẹni tí òun kò lè bá jà.

Mo ní, "Má bínú."

Ó ní, "O ti sọ ọ́ dáadáa báyìí."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá wọ́n já wa sí Leicester láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, pọ́n-ùn 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ wàásù, kí a kàn fetí sí àwọn ènìyàn. Èmi rìn títí ẹsẹ̀ fi dùn mí, mo ná gbogbo tèmi. Ọkọ mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Belgrave Road, àdúgbò àwọn ará Gujarat, láti aago mọ́kànlá, ó ń wo bó ṣe ń jó wáyà. Ó kó pọ́n-ùn 10 rẹ̀ padà wálé ní odindi. Ó ní ọkùnrin náà kò jẹ́ kí òun sanwó tíì tí òun mu.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, olùkọ́ pè wá sí yàrá àga mẹ́ta yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Èmi kọ́kọ́ wọlé. Ó bi mí bóyá mo lè lọ bí ọkọ mi bá ní òun kò lọ. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá mo lè dúró sílé láì fi ṣe ohun tí n óò máa kà sí i lọ́rùn. Mo ronú pẹ́ kí n tó dáhùn, mo sì ní mo lè gbìyànjú rẹ̀. Ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Ọkọ mi lo ju wákàtí kan lọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń gbọ́ ohùn wọn, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní ìgbà kan mo gbọ́ tí àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde, ó ní, "Dìde, ilẹ̀ ti tutù." Mo bi í pé, "Kí lo sọ?" Ó ní a ń lọ. Mo ní mi ò bèèrè bóyá a ń lọ, mo bèèrè ohun tó sọ. Ó ní olùkọ́ bi òun ní ìbéèrè ìjọ́sí, ta ni Ọlọ́run pè, òun sì dá a lóhùn, kì í sì ṣe "wa" lòun sọ.

"Ta wá lo sọ?"

Ó ní ó di ọjọ́ tí a bá débẹ̀.

Oṣù tó ń bọ̀ la ń lọ. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Àpótí mẹ́rin ti wà nílẹ̀ ní pálọ̀ wa, méjì nínú rẹ̀ kún fún wáyà, púláyà àti fíúsì. Mo bi í léèrè lánàá bó ṣe ń ti àpótí kejì. Ó ń kọrin, kò dáhùn.